Cessna já mọ́ mi lọ́wọ́ nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ nígbà tí mo fẹ́ gbéra: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́_Texas · Sátidé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, n kò dá sí i rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lánàá ló mú mi kọ̀wé.

Mo ń kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ní Texas. Mo ti fò fún wákàtí 31, mo sì ti dá nìkan fò fún wákàtí 4 nínú rẹ̀. Cessna 172, bàálù kékeré kan, la fi ń kọ́ṣẹ́. Lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo fẹ́ dá gbé e yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Rọ́nwéè 17 (ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra) ni wọ́n ń lò. Táwà, àwọn tó ń darí bàálù ní pápá, sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti 120 lórí kọ́ńpáàsì, eré rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀tì 12, ó sì ń já lójijì dé 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ọ, mo dá wọn lóhùn, àmọ́ n kò fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Mo ti iná ẹ́ńjìnnì wọlé tán, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó kọ́kọ́ ń lọ tààrà. Àwọn ilé ìkọ́kọ̀sí tò sápá òsì wa. Bí mo ṣe kọjá èyí tó kẹ́yìn báyìí, ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi èjìká ti ọkọ̀ náà. Imú rẹ̀ yà sósì. Mo yí yoke (ọwọ́ ìdarí ọkọ̀) sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń wa mọ́tò. Ìyẹ́ òsì gbéra sókè, imú tún yà sósì sí i. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo ní kí n tètè kúrò nílẹ̀, mo bá fa yoke sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì 47 ló wà lójú aago. Ọkọ̀ fò sókè díẹ̀, ó tún já bọ́ sílẹ̀, imú rẹ̀ ṣì kọ sósì, táyà sì pariwo. A gba ibẹ̀ wọ inú koríko. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí yọ iná.

Kò sí ohun tó ṣe mí. A fọ́ iná ẹ̀bá rọ́nwéè kan. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà wọlé, wọ́n ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé.

Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í gan-an, nítorí pé lójú mi gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ. Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá kí n ṣì máa bá a lọ. Bàbá mi ló ń san owó ilé ìwé yìí láti Ìbàdàn, n kò tíì lè sọ fún wọn.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 9:31 alẹ́

Ọmọ mi, o kú ewu. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ ká fi ẹ́ sọ̀fọ̀.

Èmi kò mọ bàálù wà o, ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ ọ níhìn-ín ló jẹ́ kí n máa ka ohun tí ẹ ń kọ. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní: pe bàbá rẹ. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ tèmi náà fi irú nǹkan báyìí pamọ́ fún mi fún oṣù méjì. Ìpamọ́ yẹn ló dùn mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Dèjì_B737 · 9:50 alẹ́

O kú ewu, àbúrò. Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ìwé Cessna 172 kọ nọ́ọ̀tì 15 sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ tìrẹ dé 20. O ti kọjá òfin ọkọ̀ kó o tó gbéra. Kò yẹ kó o jáde rárá.

Àṣá_Ìlọrin · 10:42 alẹ́

Dèjì, ẹ jẹ́ n tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe díẹ̀, kí ọmọ yìí má baà gbé ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo 20 yẹn ló gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rọ́nwéè 17 kọjú sí 170, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti 120, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 50. Níbi 50, èyí tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ nínú rẹ̀ á súnmọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀tì 12 á di bíi 9, nọ́ọ̀tì 20 á di 15 àti díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 15 tó wà nínú ìwé kì í ṣe òfin. Afẹ́fẹ́ tí àwọn tó dán ọkọ̀ náà wò bá pàdé, tí wọ́n sì fi hàn pé ọkọ̀ ṣeé darí nínú rẹ̀, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára lè kojú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 31 kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ibi tí Dèjì ń lọ dára, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ni mo ń tún ṣe.

Àbúrò, kí o tó tún lọ sẹ́nu rọ́nwéè, kọ́ ìṣirò orí yìí: bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 15, mú ìdámẹ́rin afẹ́fẹ́, bó bá jẹ́ 30, mú ìdajì, 45, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 60 sókè, mú gbogbo rẹ̀. Ó máa ń fi díẹ̀ lé e, ìyẹn sì dára fún ẹ. Kò gba ju ìgbà tí o fi ń mí lẹ́ẹ̀kan.

Wàyí o, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Mo ti ń kọ́ni fún ọdún mọ́kànlá, ó sì ti lé ní ogún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe ohun tí o ṣe yẹn pẹ̀lú mi nínú ọkọ̀.

Ìrù Cessna ga, ó sì fẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ń gbá a bó ṣe ń gbá páànù òrùlé tí ìṣó ti tú létí. Bí ìrù ṣe ń lọ sọ́tùn-ún, imú ń yà sósì, ó ń wá ojú afẹ́fẹ́. Èyí nìkan ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà, bó o bá ti ti iná wọlé tán, òun náà ń fa imú sósì, nítorí atẹ́gùn tí propeller (abẹ́bẹ̀ iwájú ọkọ̀) ń tì sẹ́yìn ń yí ara ọkọ̀ ká, ó sì ń lu ìrù láti apá òsì. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ rẹ fi máa ń pariwo "ẹsẹ̀ ọ̀tún" lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ fẹ́. Lánàá, àwọn méjèèjì gbá ọ síbi kan náà. Ká ní apá ọ̀tún ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni, wọn ì bá máa bá ara wọn jà, ẹsẹ̀ rẹ ì bá sì ríṣẹ́ tó kéré ṣe.

Ibi tó ti bàjẹ́ gan-an ni ibi tí o ti yí yoke sọ́tùn-ún. Lórí ilẹ̀, yoke kì í darí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Nígbà tí o yí i sọ́tùn-ún, aileron òsì (pátákó kékeré tó ń mì létí ẹ̀yìn ìyẹ́) lọ sílẹ̀, ìyẹ́ òsì gbéra, afẹ́fẹ́ sì ráàyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ tí aileron rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ń fà sẹ́yìn ju ìkejì lọ, ó tún wọ́ imú lọ sósì sí i. Nígbà tí táyà òsì ti fúyẹ́, kí ló kù tí o máa fi tẹlẹ̀?

Ohun tó yẹ ni pé kí o ti yí yoke sósì pátápátá, sí ojú afẹ́fẹ́, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, aileron á máa lágbára, ìwọ á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Má dá a padà tán. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó máa mú imú dúró lórí ìlà. Jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ: bó o bá ń gbé e ní 55, jẹ́ kó dé 60, kí o wá gbé e lẹ́ẹ̀kan náà láìṣiyèméjì, kó má baà tún bà sílẹ̀. Táyà ọ̀tún á kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, ti òsì á tẹ̀ lé e. Bó bá ti bọ́ lófuurufú, jẹ́ kí imú kọ sí afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí ọkọ̀ máa lọ tààrà lórí ìlà.

Fífà tí o fà á ní 47 ló sọ wàhálà kékeré di ńlá. Ọkọ̀ tí kò tíì lágbára láti fò, o gbé táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì tún bà sílẹ̀ ní ìdábùú.

Ohun kan tún wà tí àwa tó kọ́ṣẹ́ nílé ń pẹ́ kí a tó mọ̀. Rọ́nwéè Ìlọrin jẹ́ 05/23, ti Ìbàdàn náà jẹ́ 05/23, ti Zaria 06/24. Ọyẹ́ ń bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ òjò ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Nígbà méjèèjì, afẹ́fẹ́ bá ojú ọ̀nà mu. Ìjì tó ń ṣáájú òjò nìkan ló ń dábùú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbéra nínú ìyẹn. Mo ti rí àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa nílé, tí wọ́n dé ibòmíràn tí ẹsẹ̀ wọn kò mọ ohun tí wọn ó ṣe. Kì í ṣe ìwọ nìkan.

Ẹyẹ_Kent · Ọjọ́ Àìkú, 7:05 àárọ̀

O kú ewu, ọmọ mi. Ẹni ọdún 68 ni mí, ọkọ̀ onítáyà ìrù ni mo ń fò lórí pápá koríko níhìn-ín láti ọdún 1989. Ohun tí Àṣá sọ dára gan-an. Mo fẹ́ fi kún un pé kí o ti yoke síwájú dáadáa nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kí táyà iwájú lè di ilẹ̀ mú. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí pẹ́dáàlì ríṣẹ́ ṣe.

Ọkọ̀ tèmi ò fi àyè gba ẹ̀rù rárá. Ìwúwo rẹ̀ wà lẹ́yìn táyà ńlá méjèèjì. Bó bá ti fẹ́ yí, á kàn máa yí lọ ni, bí ọmọlanke tí èèyàn ń tì sẹ́yìn. Tìrẹ ń wá ọ̀nà àtipadà sójú ìlà fúnra rẹ̀ bí o kò bá dí i lọ́wọ́.

Àṣá_Ìlọrin · 7:48 àárọ̀

Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ yín kún, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá yín dúró díẹ̀ lórí títì síwájú yẹn. Lórí ọkọ̀ onítáyà iwájú, bí èèyàn bá tì í síwájú jù nígbà tí eré ti pọ̀, ìwúwo ọkọ̀ á kó sórí táyà iwájú, ti ẹ̀yìn méjèèjì á fúyẹ́, ọkọ̀ á wá máa yí lórí táyà kan ṣoṣo. Bárò tó ń lọ lórí ẹsẹ̀ iwájú ló ń jẹ́. Mo rí ọkọ̀ kan tó jáde kúrò lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ tó gbá a kò ju nọ́ọ̀tì 8 lọ. Kó má fà á sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tó. Bí eré bá ti pọ̀, rọ́dà (pátákó ìrù tí ẹsẹ̀ ń darí) ti lágbára, kò nílò táyà iwájú mọ́.

Ẹyẹ_Kent · 8:20 àárọ̀

Òótọ́ lo sọ. Ọwọ́ tó ti mọ́ ọkọ̀ onítáyà ìrù ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, ti Àṣá ni kí o mú.

Mẹkáníìkì_Houston · 10:15 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ kò bèèrè ọkọ̀. Àbúrò, ṣé propeller gbá koríko? Ṣé ìyípo ẹ́ńjìnnì já wálẹ̀ lójijì kó o tó yọ iná?

Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé Lycoming tó ṣe ẹ́ńjìnnì 172 ìgbàlódé kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tiwọn, kódà bó jẹ́ koríko gígùn tàbí omi ni propeller gbá, tí ìyípo rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì, wọ́n kà á sí ìkọlù, bí propeller kò tilẹ̀ tẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà wò nínú. Ohun tó fọ́ lè wà níbi tí ojú kò dé, ó sì lè dúró di wákàtí ogún kó tó já lófuurufú pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ iwájú. Bó ṣe bà sílẹ̀ ní ìdábùú yẹn, gbogbo agbára rẹ̀ ló gba orí irin iwájú lọ sára ògiri irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ibi tí ẹ jókòó sí. Ògiri yẹn máa ń káko lára Cessna 172. Mo ti rí èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní, ó ń dán láti òkèèrè. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lábẹ́, níbi tí wọ́n ti kan irin ẹsẹ̀ mọ́ ọn, páànù náà ti ká bí etí ìwé ọmọdé, orí ìṣó mẹ́ta sì ti tú. Ọkọ̀ yẹn ti fò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tó ba ilẹ̀ náà, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bó o bá mọ ohun tí propeller gbá, sọ ọ́ fún wọn lónìí. Má dúró de ọjọ́ Ajé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Texas · 1:37 ọ̀sán

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, koríko náà dé orókún. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ó dún bí ohun tí wọ́n fún lọ́rùn, mo tó yọ iná. Mo ti pe olùkọ́ mi ní aago mọ́kànlá àárọ̀ yìí, mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti fi àmì pupa sára ọkọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbọ́n Àṣá, ohun tí ẹ sọ nípa ẹsẹ̀, mo ń rò ó lórí ìjókòó yìí ni mo wá rántí ohun kan. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì le lórí pẹ́dáàlì bí igi. Mò ń tẹ òsì àti ọ̀tún pa pọ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, itan mi ń gbọ̀n.

Ohun kan wà tí n kò kọ lánàá. Olùkọ́ mi kọ ọ́ sínú ìwé mi pé n kò gbọdọ̀ dá fò bí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ bá ju nọ́ọ̀tì 8 lọ. Mo rò pé 12 tí táwà sọ, bí mo bá ṣírò rẹ̀, kò ní pọ̀ ju 8 lọ. N kò sì ka 20 yẹn sí, torí pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wáyé.

Dèjì_B737 · 2:10 ọ̀sán

Àbúrò, 12 yẹn gan-an jẹ́ 9, Àṣá ti ṣírò rẹ̀. Èyí tó ń já lójijì sì ni a fi ń pinnu, kì í ṣe èyí tó dúró. Afẹ́fẹ́ kì í bi ọ́ léèrè kó tó já.

Ẹyẹ_Kent · 2:44 ọ̀sán

Dèjì, kì í ṣe gbogbo wa la ń ka èyí tó ń já tán. Ní ẹgbẹ́ tiwa, èyí tó dúró la fi ń wọn, a ó wá fi ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì lé e. Ṣùgbọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, mo gbà pẹ̀lú rẹ. Kó ka gbogbo rẹ̀.

Ọmọ mi, jẹ́ n sọ èyí tó le díẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1996, ní Cheyenne, ní ìpínlẹ̀ Wyoming, Cessna 177B kan gbéra nínú ìjì àti òjò. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méje ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀. Ẹrù ọkọ̀ ti pọ̀ jù, pápá yẹn sì ga ju ẹsẹ̀ 6,000 lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, kò gbé ọkọ̀ dáadáa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. Olùkọ́ yẹn kì í ṣe òpè. Ọ̀nà jíjìn ló wà níwájú wọn, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n. Ìwọ, ta ló ń lé ọ lọ́jọ́ yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Texas · 3:02 ọ̀sán

Bàbá, kò sí ẹni tó ń lé mi. Mo ti san owó wákàtí yẹn tẹ́lẹ̀ ni, oṣù sì ti fẹ́ parí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Denver · 5:26 ìrọ̀lẹ́

Owó wákàtí ni. Ó ti ṣe gbogbo wa rí.

Kí o má baà rò pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí: níhìn-ín ní Denver, ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2008, Boeing 737-500 Continental kan tó gbé èèyàn 115 ń sáré lórí rọ́nwéè 34R. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti òsì, ó ń já dé nọ́ọ̀tì 45. Ọkọ̀ náà yà sósì, ó jáde kúrò lójú ọ̀nà, ó gba inú kòtò kọjá, iná sì ràn. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀gá awakọ̀ ti yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí rọ́dà ọ̀tún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kí ọkọ̀ tó jáde. Awakọ̀ àgbà ni. Wọ́n tún sọ pé afẹ́fẹ́ yẹn ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ, àti pé àwọn ẹ̀rọ pápá ti rí bí afẹ́fẹ́ náà ṣe le tó, kò kàn dé etígbọ̀ọ́ awakọ̀ ni.

Nítorí náà, bó o bá wà lẹ́nu rọ́nwéè, bi táwà léèrè afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kò ní bínú. Kí o sì wo windsock (àpò aṣọ tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ hàn) pẹ̀lú ojú ara rẹ. Irú èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, bó bá ti na gbọnrangandan, afẹ́fẹ́ ti dé nọ́ọ̀tì 15. Wo èyí tó wà níwájú, lẹ́yìn àwọn ilé ìkọ́kọ̀sí yẹn, má wo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ibi tí ilé bá parí sí ni afẹ́fẹ́ ti ń dúró dè ọ́.

Àwòdì_Atlanta · 8:58 alẹ́

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà jáde kúrò lójú ọ̀nà rí. Piper ni tèmi, wákàtí mi jẹ́ 44, apá òsì náà ni. Fún oṣù kan lẹ́yìn náà, bí mo bá ti rí ewé igi tó ń mì lójú fèrèsé, inú mi á máa dà rú. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kì í ṣe fífò rárá. Olùkọ́ tuntun kan mú mi lọ sórí ojú ọ̀nà ìrìn ọkọ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó ní ká kàn máa rìn. Wákàtí kan gbáko. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ níwájú, mo yí yoke sí i. Bó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, mo yí i kúrò lára rẹ̀, mo sì tì í síwájú. Ní gbogbo kọ́nà, ó ń béèrè pé "afẹ́fẹ́ wà níbo?" kí n tó yà. Nígbà tí a máa fi parí, ọwọ́ mi ti ń lọ fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni bàtà. Mo máa ń wọ bàtà onísàlẹ̀ nípọn, n kò mọ ohun tí pẹ́dáàlì ń sọ fún mi. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí pẹlẹbẹ. Gìgísẹ̀ mi wà nílẹ̀, kì í kúrò níbẹ̀, kí n má baà tẹ bíréékì láìmọ̀. Kí n tó ti iná wọlé, mo máa ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú bàtà. Bí wọn kò bá mì, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti le, mo dúró. Títí di òní, mo ṣì ń ṣe é, mo sì ti fò lé ní 1,900 wákàtí.

Àwọn kan máa ń sáré gan-an lórí rọ́nwéè láì gbéra, wọ́n ní ó ń kọ́ ẹsẹ̀. Bẹ olùkọ́ rẹ pé kẹ́ ẹ ṣe é.

Àṣá_Ìlọrin · 9:40 alẹ́

Àwòdì, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà àfi ti ìparí. Sísáré láì gbéra yẹn, mo ti rí i tó ba bíréékì àti táyà jẹ́, ó sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa bá ọkọ̀ tó fẹ́ fò jìjàkadì. Èyí tí mo ń ṣe ni pé olùkọ́ á mú iná àti yoke, akẹ́kọ̀ọ́ á mú ẹsẹ̀ nìkan, wọ́n á sì gbéra lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ á mú ẹsẹ̀ àti yoke.

Nípa yíyọ iná: pinnu rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Sọ ọ́ sókè nínú ọkọ̀: "bí imú bá kúrò lórí ìlà, tí ẹsẹ̀ kò dá a padà lẹ́ẹ̀kan, mo yọ iná." Kí o sì mọ̀ pé bí iná bá ti lọ, agbára tó ń fa imú sósì yẹn náà á lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí o ti tẹ̀ á wá pọ̀ jù, ọkọ̀ á fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Tú u díẹ̀. Yoke ṣì gbọ́dọ̀ wà sójú afẹ́fẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

Dèjì_B737 · 10:03 alẹ́

Mo ti ń ronú lé e látàárọ̀. Mo yára jù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òfin ọkọ̀ yẹn, Àṣá ṣeun.

Àbúrò, ọ̀kan tó kù. NASA ní ìwé kan tí awakọ̀ fi ń ròyìn àṣìṣe ara rẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò nínú rẹ̀. Bó o bá fi í ránṣẹ́ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, kò ní fìyà jẹ ọ́ lórí àṣìṣe tí o kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Kò bo ìjàǹbá o, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ púpọ̀ ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ọ̀gá ilé ìwé rẹ bá ti jókòó, bi wọ́n léèrè. Kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹlòmíràn á rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Texas · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n padà wá jẹ́ ẹ gbọ́.

Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà. N kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri irin yẹn ti káko lápá ọ̀tún, bí Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì ṣe sọ. Mo ti kọ ìwé NASA. Mo ti pe bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti jẹun?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fún àwọn. A sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti díẹ̀.

Èmi àti olùkọ́ mi jáde lónìí. Táwà ní afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti 140, nọ́ọ̀tì 10. Mo ṣírò rẹ̀ sókè kí olùkọ́ tó bi mí: ìyàtọ̀ 30, ìdajì, nọ́ọ̀tì 5. Mo wo windsock tó wà lẹ́yìn àwọn ilé ìkọ́kọ̀sí. Mo mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Wọn kò mì lákọ̀ọ́kọ́. Mo dúró, mo sọ fún olùkọ́ mi, wọ́n ní kò burú, ká jókòó. A jókòó bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n mì.

Mo yí yoke sósì pátápátá, mo ti iná wọlé. Nígbà tí a kọjá ilé tó kẹ́yìn, mo tún gbọ́ èjìká yẹn lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wà níbẹ̀. Ní 60, mo gbé e. Táyà ọ̀tún kúrò nílẹ̀, mo sì gbọ́ ti òsì tó ń yí nìkan lórí rọ́nwéè, gìrì, gìrì, kó tó dákẹ́.